Afárá Tí Ẹ Fi Búrọ́ọ̀ṣì Wó

Rárá, ẹ jókòó, sà, ẹ má tíì dìde, ẹ má tíì pa àpótí ọ̀dà yín dé, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró, ọdún mẹ́jọ ló ti wà nínú mi, ó ti le bí òkúta, bí n kò bá pọ̀ ọ́ lónìí èmi ló máa pa. Ẹ máa kun àwòrán yín lọ, n ò ní kí ẹ má kùn ún. Ọwọ́ tèmi náà ń hun ìbọ̀sẹ̀, ṣé ẹ rí i? Nílẹ̀ wa níbí, ọwọ́ kì í simi nítorí pé ẹnu ń sọ̀rọ̀. Tamar ni mí, ìyàwó Simon Harker. Jabez Raw tó kan afárá ni bàbá mi. Ẹ ní afárá wo? Ẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ ò rántí mi. Kò burú. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, ẹ má bínú sí mi, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Nethergarth níbí nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ẹ wá. Oṣù kẹjọ ni, a ti kó koríko wọlé tán, irùngbọ̀n yín ṣì pupa bí ìrù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, òkìtì tí ẹ jókòó lé yìí náà lẹ jókòó lé, àfi pé ojú odò lẹ kọ sí lọ́jọ́ náà, lónìí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ pè mí. Ẹ ní kí n lọ dúró sórí afárá, ní àárín gbùngbùn, kí n gbé ìkòkò wàrà mi sí ìbàdí, kí n sì má mira. Mo dúró. Oòrùn ń jó mi ní ọrùn, eṣinṣin ń bà sí mi lójú, n ò mira. Wàrà yẹn kan mọ́ mi lọ́wọ́, sà. Mo délé, ìyá mi gbá mi létí ọ̀tún, ó ní kí n yí òsì wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo ń rín, torí pé ẹ ti fi hàn mí. Ìwé kékeré kan lọ́wọ́ yín, awọ dúdú, okùn pupa ni wọ́n fi dì í. Ẹ ṣí i, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sọ́dọ̀ mi, mo sì rí ara mi níbẹ̀, pẹ́ńsùlù lẹ fi yà mí, mo kéré bí èèrà, ṣùgbọ́n èmi ni, ìkòkò ni, ìbàdí ni. Abẹ́ ẹsẹ̀ mi, afárá bàbá mi. Ẹ ò fo nǹkan kan. Pákó gígùn mẹ́rin, igi ìdìmú lápá kan, ibi tí igi ìdìmú náà ti là tí bàbá mi fi okùn dì í, ẹ ya okùn náà. Mo ní nínú ara mi pé ọkùnrin yìí, ojú ń bẹ lórí rẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi, mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sọ fún màlúù. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, sà, bí mo bá ń fọ aṣọ tí ọwọ́ mi ń bó, mo máa ń rò ó pé ní ilé ńlá kan, lára ògiri kan, mo dúró lórí afárá bàbá mi, n kì í gbó, wàrà mi kì í kan.

Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é kí ó yé yín, nítorí mo rí i lójú yín pé ẹ ti ń wo àpò yín. Àṣà kan wà ní àfonífojì yìí, kò sí nínú ìwé kankan, láti ìgbà baba ńlá wa ló ti wà. Igi jẹ́ ti onílẹ̀, iṣẹ́ jẹ́ tiwa. Bí omi bá gbé afárá lọ, ìríjú Sà Ambrose tó ni ilẹ̀ á fún wa ní igi óákù mẹ́rin láti inú igbó, àwa á gé e, àwa á là á, àwa á kàn án. Ibi tí afárá bá ti wà rí, ó di dandan fún un. Ibi tí afárá kò bá ti wà rí, kò jẹ wá ní nǹkan kan, bí a bá sì fọwọ́ kan igi kan nínú igbó, olè ni wá, ẹ̀wọ̀n ni. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé ó ti wà rí. Ta ló máa sọ pé ó ti wà rí? Àwọn àgbà ni. Orí àwọn àgbà ni àpótí ìwé wa.

Odò Cawder yìí gbé afárá lọ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Kì í ṣe ohun ìyanu, ó ti gbé e lọ nígbà ayé baba bàbá mi, wọ́n sì tún un kàn. Bàbá mi kó àwọn àgbà mẹ́rin lẹ́yìn, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ìsinmi, wọ́n lọ bá Garside, ìríjú. Èmi ni mo di apá bàbá mi mú, ojú rẹ̀ ti ń lọ nígbà náà, ó ń rí òjìji ènìyàn, kò rí imú. Garside gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó ní òun tuntun ni níbí, òun ò mọ ohun tó wà rí, òun ò mọ ohun tí kò wà rí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan wà nínú ilé tí kì í parọ́. Ó ní kí a bọ́ bàtà onígi wa. Ó mú wa wọ gbọ̀ngàn.

Ẹ mọ ohun tí a bá níbẹ̀.

Férémù wúrà. Gíláàsì tó ń dán. Wọ́n ti kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ lára idẹ, Garside kà á fún wa: Àfonífojì Àlàáfíà. Ó ní orúkọ yín wà ní igun, pẹ̀lú ọdún. Mo mọ odò náà, mo mọ òkè náà, mo mọ ọ̀nà tí ìkùukùu máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè ní òwúrọ̀, ó rẹwà, n ò ní parọ́ mọ́ yín, ó rẹwà débi tí Simon ọkọ mi, tó bá wa lọ, sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn màlúù méje ń mu omi ní ibi tí kò sí màlúù tó jẹ́ mu omi, àbàtà ni ibẹ̀, ó máa gbé wọn mì. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn méjì. Ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sún mọ́ wa ní ìdajì máìlì, kí Ọlọ́run fún yín lágbára, ì bá dára ká ní ẹ gbé ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an. Odò sì ń ṣàn láti òkè dé ilẹ̀, ó mọ́ rekete, ó funfun bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, kò sí igi kan, kò sí pákó kan tó dábùú rẹ̀.

Bàbá mi na ìka. Ó ní, "Tamar, gbé ọwọ́ mi lé ibi tí ó wà."

Garside ní kí ó má fọwọ́ kan gíláàsì.

Mo wá a, sà. Mo wá afárá, mo wá ara mi. Mo rò pé bóyá ó kéré ni, mo gbé ojú sún mọ́ ọn, mo rí ibi tí ẹ fi omi nu àwọ̀ kúrò kí ìwé lè tàn, bí ẹni fi kànrìnkàn nu abọ́. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ìmọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ní, "Ṣé o rí i?" Mo ní wọn ò yà á, Bàbá. Ó ní, "Wò ó dáadáa. Ìwọ lo dúró lórí rẹ̀." Garside rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú pàápàá, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ yé ni. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó ya èyí fara balẹ̀ ya ewé igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé odindi afárá ni ó máa wá gbàgbé?" Ó tún wo ṣọ́ọ̀ṣì inú àwòrán, ó ní ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣọ́ọ̀ṣì yín nìyí ní ẹ̀gbẹ́ yín, kí lẹ ń wá afárá ṣe?

Àgbà márùn-ún, sà. Bí ẹ bá ṣírò ọjọ́ orí wọn pọ̀ ó ju irínwó ọdún lọ. Ìwé kan tí ẹ fi omi àti àwọ̀ rẹ́ lára ní ọjọ́ mẹ́ta sọ wọ́n di òpùrọ́ lójú ara wọn. Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Bàbá mi gbà á gbọ́. Kò gbà á lọ́jọ́ náà, ó rìn nínú odò délé, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló wọ inú rẹ̀. Kí ó tó kú ló ń bi mí pé, "Tamar, ṣé lóòótọ́ ni mo kan afárá kan?" Ọkùnrin tó ní àpá àáké ní orókún láti ara afárá yẹn. Mo máa ń gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àpá náà. Mo máa ń ní, òun nìyí, Bàbá, òun nìyí.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ ní ó gé odò sí méjì. Ẹ ní ojú ẹni tó ń wò ó á kọsẹ̀ lára rẹ̀, kò ní ráyè lọ jìnnà. Mo gbọ́. Ojú àlejò á kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ wa ṣe.

Ṣé ẹ rántí òkúta funfun kan tí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ yìí, nígbà tí ẹ ká ṣòkòtò sókè tí ẹ ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi? Ìyá Àgùntàn là ń pè é. Bí omi bá wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọdé lè kọjá. Bí ó bá kan ẹnu rẹ̀, ọkùnrin ni, pẹ̀lú ọ̀pá. Bí ó bá bo etí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń lọ, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹrin, sà, etí Ìyá Àgùntàn kì í fẹ́ gbẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́hùn-ún. Ilé ọlọ wà lọ́hùn-ún. Oníṣègùn, agbẹ̀bí, alágbẹ̀dẹ, ọjà, gbogbo wọn wà lọ́hùn-ún. Àwa wà níbí, ilé mẹ́sàn-án, omi níwájú, òkè ẹrẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ ní afárá olókùúta wà ní Askrow. Ó wà, máìlì mọ́kànlá ni, ẹ gba orí òkè, ẹ gba àárín àbàtà, nígbà yìnyín ẹ lè dé ibẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ ẹyẹ.

Ìyá mi kú ní oṣù kìíní, ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òkú rẹ̀ wà lórí ibùsùn ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí pé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún ni itẹ́ òkú wà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. A ṣí fèrèsé kí òtútù lè wọlé bá a, a sì jókòó ní yàrá kejì, a ń jẹun, kí ni a fẹ́ ṣe, ènìyàn á jẹun. Lójoojúmọ́ Simon á lọ wo Ìyá Àgùntàn, á padà, á mi orí. Àlùfáà dúró ní etí odò lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ fìlà, ó ka àdúrà díẹ̀, ó lọ. Bàbá mi, ojú rẹ̀ ti fọ́ tán nígbà náà, ó ń lọ jókòó ti òkú ìyá mi láràárọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ìbá ti kan nǹkan kan fún un, ká ní wọ́n fún òun nígi.

Rárá, ẹ má tíì sọ pé ẹ káàánú. N ò tíì dé ibẹ̀.

Ẹ ní kí ló dé tí a ò kan ohunkóhun tí a bá rí. A kàn án. Simon tú àjà abà bàbá mi, ó yọ igi gígùn méjì, igi tiwa, a tẹ́ ẹ dábùú ibi tí odò ti há jù. Ó lo oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwọn àlejò Sà Ambrose sì máa ń wá sórí òkìtì yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á rìn la omi kọjá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á mú ẹ̀dà àwòrán yín jáde, wọ́n á gbé e sókè sí ojú odò kí wọ́n lè fi wé e. Ìyàwó Sà Ambrose rí igi méjì tí kò sí nínú àwòrán. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá pẹ̀lú ayùn. Wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n ní kí a fi dá iná. Garside ní ohun tó wà rí ni a fẹ́, ohun tí kò wà rí, a ò fẹ́. Ṣé ẹ rí i bí ó ṣe rí? Kì í ṣe afárá kan ṣoṣo lẹ yọ kúrò. Gbogbo afárá tí a bá kàn títí ayé lẹ yọ kúrò.

Àwọn àlejò yẹn máa ń wo àwa náà. Wọ́n á ní, ẹ wo bí ọkàn wọn ṣe balẹ̀. Ọkàn wo ló balẹ̀? A jókòó ni, nítorí kò sí ibi tí a lè lọ. Bí ènìyàn bá ní kí òun kó kúrò, ọdọọdún là ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Sà Ambrose, òun ló ni òkè ìhín, òun ló ni òkè ọ̀hún, ẹni tó bá fi oko rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ, kò ní rí òmíràn gbà títí ó fi máa rí òkun. Nínú férémù là ń gbé, sà. Ẹ̀yin lẹ kàn án. Kò dà bí ti bàbá mi, tiyín ò jẹrà.

Ó dáa. Ẹ wo ọmọbìnrin tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé mi yẹn. Láti òwúrọ̀ ló ti wà níbẹ̀, ẹ ti ya ilé náà, ẹ ti ya òdòdó tó wà lórí ìlẹ̀kùn, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn èjìká yín, ẹ ti kó òkìtì ìgbẹ́ màlúù mi lọ, ìyẹn ò dùn mí, ó ń rùn. Ṣùgbọ́n n ò rí ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà ṣófo nínú ìwé yín. Dinah lórúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ikùn rẹ̀ nìyẹn, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà túmọ̀ sí lórí odò yìí. Ó túmọ̀ sí etí Ìyá Àgùntàn.

Ìkejì nìyẹn. Oṣù kejì ọdún tó kọjá ló rọbí àkọ́kọ́. Omi kún. A fi aṣọ funfun sórí igi, Mọ́ọ̀lì Coates, agbẹ̀bí, sì rí i, ó wá. Ó wá dé etí odò lọ́hùn-ún. Mo dúró ní fèrèsé, mo rí i, mo rí ìborùn rẹ̀ tó ní àwọ̀ ilẹ̀, mo rí àpò ní apá rẹ̀. Ìṣísẹ̀ igba ló wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti ọmọ mi. Simon dúró ní etí odò, Reuben àbúrò rẹ̀ dúró ní àárín pápá, ọkọ Dinah dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo bá béèrè, wọ́n á pariwo rẹ̀ láti ẹnu dé ẹnu, ìdáhùn á sì padà bẹ́ẹ̀. Reuben kò láya, sà, kò gbójú sókè wo obìnrin rí, òun ló ń pariwo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àárín pápá, omijé ń dà lójú rẹ̀. Mo béèrè pé okùn ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn, kí ni kí n ṣe. Ọ̀rọ̀ náà jáde, ó lọ, ó kọjá omi, Mọ́ọ̀lì ní kí ó tún un sọ, atẹ́gùn pọ̀, ó tún un sọ. Ìdáhùn sì bọ̀. Ó dára, ìdáhùn gidi ni, mo ti kọ́ ọ sórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ìdáhùn ọmọ tó ṣì wà láàyè ni.

Ọkùnrin ni.

Ẹ máa fọ búrọ́ọ̀ṣì yín, omi inú ife yín ti dọ̀tí.

Ẹ ní ẹ ò mọ̀. Mo gbà. Ta ló mọ̀ pé ohun tí òun yọ kúrò lórí ìwé yóò yọ kúrò lórí ilẹ̀? N ò bá yín jà nítorí ọjọ́ náà, ọ̀dọ́ ni yín, ẹ fẹ́ kí ó rẹwà, Sà Ambrose ń dúró. Ọ̀rọ̀ tòní ni mo ní pẹ̀lú yín. Ẹ ti mọ̀ báyìí. Ẹni tó ti mọ̀, tó wá pa ẹnu mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀, ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ ní a kì í fi àwọ̀ fífúyẹ́ bo èyí tó ti dúdú, pé irú ọ̀dà yìí, ohun tó bá ti gbẹ ti gbẹ, ẹ ò lè ya afárá sí i mọ́. Ta ló bẹ̀ yín ní ọ̀dà? Ìlà méjì ni mo fẹ́. Ìlà méjì, pẹ̀lú inki, sí Sà Ambrose: afárá kan wà lórí odò náà nígbà tí mo yà á, èmi ni mo yọ ọ́ kúrò. Kí ẹ kọ orúkọ yín sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí igun àwòrán. Orúkọ yín kan náà. Ẹ ní ayàwòrán kì í ṣe ẹlẹ́rìí, kì í ṣe adájọ́. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sí igun nǹkan ti jẹ́rìí sí i, sà. Bí ẹ ò bá fẹ́ jẹ́rìí ẹ ò bá máà kọ ọ́.

Ìwé kékeré náà ńkọ́? Ẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Ẹ ní ó ti lè sọnù.

Sà. Awọ dúdú, okùn pupa. Ó wà nínú àpò yín yẹn, lábẹ́ wàràkàṣì yín. Ẹ yọ ọ́ jáde ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ ń wá pẹ́ńsùlù, ẹ ṣí i, ẹ wo odò, ẹ tún wo ìwé, ẹ sì yára pa á dé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà láàárín wa. Ìgbà yẹn ni mo wọlé lọ mú ìhun mi. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, tiyín ti sáré fún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì jókòó sábẹ́ wàràkàṣì.

Ẹ ń bẹ̀rù. Mo mọ̀. Ilé Sà Ambrose lẹ wọ̀ sí, oúnjẹ rẹ̀ lẹ ń jẹ, ìyàwó rẹ̀ ló ní kí ẹ wá ya èkejì yìí kí òun lè gbé méjèèjì kọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé àkọ́kọ́ ní àbùkù, ta ló máa fẹ́ èkejì? Ó lè bínú. Ó lè ní kí ẹ máa lọ. Ó kéré tán, ẹ̀yin, bí ó bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ ní ibi tí ẹ máa lọ.

Kí ló dé? Ẹ fẹ́ dìde? Ẹ ní wọ́n ń retí yín fún oúnjẹ alẹ́, pé ẹ máa ro ọ̀rọ̀ náà, ẹ máa kọ̀wé sí mi. Sí èmi? N ò mọ̀ ọ́n kà, sà, Sà Ambrose ló mọ̀ ọ́n kà. Kò burú, ẹ rọra kó ẹrù yín, ẹ jẹ́ kí ìwé yín gbẹ, n ò dì yín mú. Ọwọ́ mi méjèèjì ń hun ìbọ̀sẹ̀.

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan? Kì í ṣe atẹ́gùn. Atẹ́gùn kì í gbá òkúta lu ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ yíjú padà. Ẹ wo odò, ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ lójú. Níbo ni Ìyá Àgùntàn wà? Ẹ tún wò ó. Etí rẹ̀ ńkọ́?

Oòrùn ń ràn níbí, àbí? Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Orí òkè lọ́hùn-ún ni òjò ti rọ̀. Mo rí i tó ṣú dúdú láti ìgbà tí ẹ ti ń po àwọ̀ sánmà, ó wà lẹ́yìn yín tààrà, mo ń wò ó láti orí èjìká yín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí ló dé tí n ò sọ? Hùn. Mo yọ ọ́ kúrò ni, sà. Ọ̀rọ̀ mi ń ṣàn lọ dáadáa, mo rí i pé ó máa gé e sí méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ti gbọ̀n mí, ìhun mi ti já. Ọdún mẹ́jọ, n ò tíì rẹ́rìn-ín báyìí láti ọdún mẹ́jọ. Ó dáa, ẹ máa lọ, ẹ máa lọ sílé, oúnjẹ alẹ́ ń tutù. Ẹ gba orí afárá.

Ẹ ò lọ? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé àpótí, nígbà náà. Ẹ mú àpò náà dání fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí omi kan ìwé. Inki wà nílé, Simon máa ń fi sàmì sí àgùntàn, inki náà á kọ̀wé dáadáa. Búrẹ́dì ọkà wà, iná wà, Dinah máa bu omi gbígbóná fún yín, ẹ lè wo ikùn rẹ̀ dáadáa nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ máa sùn. Ìyá mi sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò ráhùn.